Títọ́jú Ìwé Àtijọ́ Ìlú, Ìjọ àti Ẹbí: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ìlú, akọ̀wé ìjọ, mọ̀lẹ́bí tí bàbá wọn fi àpótí ìwé sílẹ̀, àti ẹnikẹ́ni tí wọ́n ti sọ fún rí pé "ìwọ lo kàwé, wá bá wa wo àwọn nǹkan yìí," ẹ̀yin la kọ èyí fún. Ìbéèrè táwọn èèyàn máa ń bi wá jù ló wà níbí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bi wá gbà pé owó ni wàhálà iṣẹ́ yìí. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìwé tó ti ṣègbé lójú mi, àìsí ètò ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Irú ìwé wo gan-an lẹ ń pè ní àkọsílẹ̀ ìtàn?

Ohunkóhun tí ẹnì kan kọ, yà tàbí gbà sílẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ ń lọ lọ́wọ́, tí ẹni tí ò sí níbẹ̀ lè fi mọ bó ṣe rí. Ìwé ìrìbọmi àti ìwé ìgbéyàwó ìjọ wà níbẹ̀, àti ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, ìwé ẹjọ́ kóòtù ìbílẹ̀, rìsíìtì owó orí, àwòrán ilẹ̀ tí sọfeyọ̀ yà, lẹ́tà tí ọmọ kọ wálé láti London, fọ́tò, àti kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi gba ohùn ìyá àgbà tó ń ki oríkì ilé.

Ẹ má fojú kéré ìwé ètò ìsìnkú. A máa ń fi í fẹ́ ara wa lọ́jọ́ òkú, a sì jù ú nù kí ọjọ́ mẹ́jọ tó pé. Nínú ọ̀pọ̀ ẹbí, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti kọ orúkọ ìyá bàbá, agboolé tó ti wá àti orúkọ gbogbo ọmọ tó bí sílẹ̀ pa pọ̀.

Ṣé iṣẹ́ ìjọba kọ́ nìyẹn?

Iṣẹ́ ìjọba ni, òfin sì ti là á sílẹ̀. Lẹ́yìn tí ọdún 1950 wọlé, Kenneth Dike, onímọ̀ ìtàn tó wà ní Ìbàdàn, wo ipò tí ìwé ìjọba wà káàkiri Nàìjíríà, ó sì kọ ìjábọ̀ rẹ̀. Ní 1954 ni wọ́n dá ọ́fíìsì tí yóò máa bójú tó ìwé ìjọba sílẹ̀, wọ́n sì fi Dike ṣe olórí rẹ̀. Òfin tẹ̀ lé e ní 1957. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ lónìí ni òfin National Archives ti 1992. Ilé ńlá mẹ́ta ló wà, ní Ìbàdàn, Enugu àti Kaduna. Ti Ìbàdàn wà nínú ọgbà Yunifásítì, ibẹ̀ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé ìjọba amúnisìn nípa ilẹ̀ Yorùbá wà.

Àmọ́ ìwé ìjọba ni ìjọba máa ń kó pamọ́. Ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ yín kò sí lọ́dọ̀ wọn. Ìwé ìrìbọmi ìjọ yín kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà bàbá yín. Bí ẹ̀yin tí ẹ ni ín ò bá tọ́jú rẹ̀, kò sí ẹlòmíì tí yóò wá a.

Àwọn àgbà wa mọ ìtàn lórí. Kí la tún ń wá nínú ìwé?

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tójú ìwé ìtàn tí gbogbo wa ń tọ́ka sí rí. Àlùfáà Samuel Johnson, pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́, fetí sí àwọn àgbà àti àwọn arọ́kin ààfin fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897. Ní 1899, wọ́n bá a fi ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé kan nílùú òyìnbó. Ibẹ̀ ló sọnù sí. Johnson kú ní 1901 láìfojú kàn án mọ́. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ àti àdàkọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, tó sì tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ní oṣù kìíní 1916, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ ojú omi tó ń jẹ́ Appam láti Èkó. Ọkọ̀ ogun Jámánì mú Appam lójú òkun, wọ́n sì darí rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Ó tó oṣù mélòó kan kí ìdì ìwé náà tó dé ọwọ́ àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ọdún 1921 ló jáde. Obadiah fúnra rẹ̀ ti kú ní ọdún tó ṣáájú.

Àwọn àgbà àti arọ́kin tó bá Johnson sọ̀rọ̀ ti lọ tipẹ́. Bí kò bá sí àdàkọ nílé lẹ́yìn 1899, ohun tí wọ́n sọ fún un ì bá ti bá wọn lọ. Nítorí náà, bí àgbà bá ṣì mọ ìtàn lórí, ẹ tètè gbé fóònù sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kí ẹ gba ohùn rẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ àti ibi tó ti sọ̀rọ̀. Ohùn tí a ò kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí, láàárín ìran kan, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ ọ́n mọ́.

Níbo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Láti ibi àkójọ orúkọ ìwé. Ẹ má tíì ra àpótí, ẹ má tíì ra ẹ̀rọ kankan. Ẹ wá ìwé àkọsílẹ̀ kan, pẹ́ńsùlù kan àti ẹni méjì tó ní sùúrù. Kí ẹnì kan máa gbé ìwé, kí ẹnì kejì máa kọ. Ẹ wo irú ohun tí a máa kọ:

*Àpótí 3, nọ́ńbà 2. Ìwé ìpàdé ẹgbẹ́, 1948 sí 1956. Èdè Yorùbá, tádàwà dúdú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, ojú ìwé mẹ́fà àkọ́kọ́ kò sí. Ikán ti jẹ igun ìsàlẹ̀. Ó wà nílé akọ̀wé àná, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.*

Ìlà mélòó kan yẹn ti sọ ohun tó wà lọ́wọ́, ọdún rẹ̀, àìsàn tó ń ṣe é àti ibi tó wà. Tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ohun tí ẹ ní, ẹ ti ṣe apá tó ṣòro jù nínú ètò. Kò ná yín ju owó pẹ́ńsùlù lọ. Pẹ́ńsùlù náà ni kí ẹ fi kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn ìwé, kó rọra hàn, ní igun. Bírò máa ń ràn, kì í sì ṣeé pa rẹ́.

Ẹ má ṣe tún ìwé tò kí ẹ tó kọ bí ẹ ṣe bá a. Bí akọ̀wé ayé ìgbà náà ṣe to lẹ́tà tẹ̀ léra, ó ní ohun tó ń sọ: lẹ́tà wo ló fèsì sí èwo, ta ló gbé ẹjọ́ dé. Tí ẹ bá tú u ká láti fi ọdún tò ó, ẹ ti ba àkọsílẹ̀ yẹn jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí bébà kan tó ya.

Ìwé pọ̀ ju agbára wa lọ. Èwo ni ká kọ́kọ́ gbà là?

Èyí tí kò ní ẹ̀dà kankan níbòmíì. Lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó wà nínú ewu lọ́wọ́lọ́wọ́, bí èyí tó wà lábẹ́ òrùlé tó ń jò. Ẹ̀kẹta ni èyí táwọn èèyàn ń béèrè lemọ́lemọ́, torí gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí i ló ń gbó sí i. Ìwé ìròyìn tí ẹ̀dà rẹ̀ wà ní yunifásítì lè dúró. Ìwé ìrìbọmi kan ṣoṣo tí ìjọ yín ní kò lè dúró.

Kí ló ń ba ìwé jẹ́ gan-an?

Ohun tó pọ̀, àwọn kan sì ti wà nínú bébà kí ikán tó dé. Ẹ ṣí ìwé ìrìbọmi àtijọ́ kan tí wọ́n fi tádàwà onírin kọ. Ibi tí gègé àlùfáà ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an, ní orí lẹ́tà ńlá àti níbi ìbuwọ́lùwé, ẹ ó rí i pé tádàwà ti di àwọ̀ ilẹ̀. Ẹ gbé ojú ewé náà sókè sí fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ á máa yọ láàárín lẹ́tà, torí ásíìdì inú tádàwà ti jẹ bébà náà tán níbẹ̀. Bí a bá ṣẹ́ irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan péré, orúkọ ọmọ náà lè jábọ́ sílẹ̀. Gbogbo ọwọ́ méjèèjì ni ká fi gbé e, lórí páálí tó le, ọ̀rinrin kò sì gbọ́dọ̀ kàn án.

Bébà ìwé ìròyìn ní tirẹ̀, igi tí wọ́n lọ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Ásíìdì wà nínú rẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti ṣe é, ìdí nìyẹn tó fi ń pọ́n, tó sì ń rún. Ẹ má kó o mọ́ ìwé rere.

Píìnì àti kílíìpù máa ń dógùn-ún, ìdógùn-ún náà á sì jẹ bébà. Ẹ rọra yọ wọ́n, kí ẹ fi bébà funfun ká ìwé tó bá jẹ́ ọ̀kan pọ̀. Sẹ́lótéèpù tún burú ju píìnì lọ: gọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń wọ inú bébà, á sọ ọ́ di àwọ̀ oyin, ike rẹ̀ á wá já kúrò, àbàwọ́n á kù. Ojú ewé tó ya, ẹ kó o sínú àpò bébà, kí ẹ fi í sílẹ̀ títí onímọ̀ yóò fi rí i.

Ojú ọjọ́ wa náà wà níbẹ̀. Lásìkò òjò, bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá kọjá ìwọ̀n 65 nínú 100 tó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, ìwé á bu, ẹ ó rí nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun lára rẹ̀. Ọyẹ́ á wá dé, bébà á gbẹ, etí rẹ̀ á máa ṣẹ́. Ibi tí ojú ọjọ́ kì í ti í yí padà púpọ̀ ni ìwé ń fẹ́. Òkè àjà ni ibi tó burú jù nínú ilé, torí ooru páànù, ibẹ̀ náà sì làwa máa ń kó ìwé sí! Ẹ kó o sí yàrá àárín ilé, tí òrùn kì í tàn sí, lórí pẹpẹ tó ga kúrò nílẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15, kó má fara kan ògiri. Ibẹ̀ lẹ ó ti lè rí ipa ikán kó tó dé ibi ìwé.

Ṣé ká fi kánfọ̀ sí i, tàbí ká fín oògùn apakòkòrò?

Rárá o. Èéfín kánfọ̀ kò dára fún ẹni tó ń ka ìwé, oògùn tí a fín sára bébà sì ń ba tádàwà jẹ́. Gbígbá yàrá lóòrèkóòrè àti kíkó oúnjẹ jìnnà síbẹ̀ ló ń lé aáyán àti èkúté.

Lámínéètì ńkọ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ooru ni wọ́n fi ń lẹ ike mọ́ bébà, kò sì ṣeé tú mọ́. Mo ti rí ìwé ilẹ̀ tó pọ́n tó sì rún sínú lámínéètì, tí kò sí ẹni tó lè ṣe nǹkan kan sí i.

Òjò ti wọlé, ìwé ti tutù. Kí la máa ṣe báyìí?

Ẹ má sá a sóòrùn. Ẹ ní bí wákàtí 48 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Ẹ gbé e sí yàrá tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, ẹ tan fáànù àmọ́ kó má kọjú sí ìwé, ẹ tẹ́ bébà funfun tí kò ní òǹtẹ̀ sí àárín ojú ewé, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti mu omi. Fọ́tò tó lẹ̀ mọ́ra wọn, ẹ má fa wọ́n ya. Bí ìwé bá pọ̀ ju ohun tí ẹ lè tẹ́ lọ, ẹ wé e sínú láílọ́ọ̀nù kí ẹ kó o sínú fìrísà tó ń dì, kó dúró níbẹ̀ títí ẹ ó fi ráyè mú un jáde díẹ̀díẹ̀. Àwọn ilé ìkàwé ńlá náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu.

Ṣé a ò kàn lè fi fóònù ya gbogbo rẹ̀, kó parí?

Ẹ yà á, àmọ́ kò ní parí síbẹ̀. Tí ẹ bá ní ẹ̀rọ sikáánà, 400 dpi (ìwọ̀n bí àwòrán ṣe máa mọ́ tó) tó fún ìwé tí a fi ọwọ́ kọ. Tí ó bá jẹ́ fóònù, ẹ tẹ́ ìwé sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé láàárọ̀, kí fóònù dúró gbọn-in lókè rẹ̀, kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn. Ẹ má fi WhatsApp ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, torí ó máa ń fún àwòrán pọ̀, àmì orí ọ̀rọ̀ á sì dàrú. Ẹ fi nọ́ńbà inú àkójọ yín sọ fáìlì lórúkọ. Ẹgbẹ̀rún àwòrán tó ń jẹ́ IMG kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀dà mẹ́ta ni kó wà: ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lórí hard disk, ọ̀kan nílùú míì tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ẹnì kan ṣí wọn wò, torí hard disk máa ń kú láìsọ fẹ́nikẹ́ni.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ẹ̀dà tó wà níbòmíì kò jìnnà. Nígbà Ifọ́lé ní Abẹ́òkúta ní 1867, wọ́n kó ilé àwọn míṣọ́nnárì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí Henry Townsend fi ń tẹ Ìwé Ìròhìn láti 1859 bàjẹ́, ìwé ìròyìn náà sì dópin. Ní oṣù kẹwàá 2020, wọ́n dáná sun ilé ẹjọ́ gíga Igbóṣeré ní Èkó, ìwé ẹjọ́ sì jóná níbẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2021, iná orí òkè wọ yàrá ìkàwé Jagger ní Yunifásítì Cape Town. Wọ́n ní gbogbo ohun tí yunifásítì ọlọ́rọ̀ ní, iná ò sì wo ìyẹn. Nínú ohun tó jóná, èyí tí wọ́n ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ṣáájú nìkan ló ṣeé kà lónìí.

Ìwé gangan náà kò gbọ́dọ̀ di ohun àdánù lẹ́yìn tí ẹ bá ti ya àwòrán rẹ̀. Kóòtù lè béèrè rẹ̀.

Àwọn àgbà ẹbí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ìwé ilẹ̀ wa.

Ẹ má bá wọn jà, ìdí wà fún ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù. Ìwé ilẹ̀ ti dá ẹjọ́ ọdún gbọọrọ sílẹ̀ láàárín tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Ìwé ìpàdé máa ń ní ọ̀rọ̀ tí a sọ nípa ẹni tó ṣì wà láàyè. Ìwé ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ ní àṣírí ìyá ẹlòmíì.

Ohun tí a máa ń dábàá ni pé kí wọ́n ya ìtọ́jú sọ́tọ̀ kúrò lára àfihàn. A lè tọ́jú ìwé, ká ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ká sì tì í pa. Kí ẹbí jókòó, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: èyí lè di ti gbogbo ayé báyìí, èyí di lẹ́yìn ọdún 30, èyí di ìgbà tí gbogbo ẹni tó dárúkọ bá ti kú. Kí olórí ẹbí àti àwọn obìnrin ilé buwọ́ lù ú. Mo mẹ́nu kan àwọn obìnrin torí pé ọ̀dọ̀ wọn ni fọ́tò àti lẹ́tà máa ń wà, a sì máa ń gbàgbé láti pè wọ́n. Bí àgbà bá ti rí i pé òun ṣì ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ojú rẹ̀ máa ń walẹ̀.

Ṣé ká kó o fún National Archives tàbí yunifásítì?

Ó ṣeé ṣe, ó sì ti ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn láǹfààní. Ìwé Herbert Macaulay wà ní ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn, ibẹ̀ làwọn onímọ̀ ìtàn ti ń kà á. Àmọ́ ẹ má kó o fún ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lásán. Ẹ béèrè ìwé àdéhùn tó sọ bóyá ẹ̀bùn ni tàbí ìfipamọ́, ẹni tó lè kà á, àti bóyá ẹ ó gba ẹ̀dà. Kí àkójọ orúkọ ìwé wà lára àdéhùn náà, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín.

Níbo la ti lè rí owó?

Iṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ kò ju owó tí ẹgbẹ́ ń dá fún àṣọ ẹbí lọ. Fún iṣẹ́ ńlá, British Library ní ètò kan láti 2004, Endangered Archives Programme, tó máa ń ṣètìlẹ́yìn fún yíya àwòrán ìwé tó wà nínú ewu. Òfin wọn ni pé ìwé gangan kò ní kúrò ní orílẹ̀-èdè tó ti wá. UCLA, yunifásítì kan ní Los Angeles ní Amẹ́ríkà, ní irú rẹ̀ fún ìwé, fọ́tò àti ohùn ọ̀rúndún ogún títí di òní. Àwọn méjèèjì máa fẹ́ mọ ohun tí ẹ ní, àkójọ orúkọ ìwé yín á sì wúlò níbẹ̀.

Ìwé nípa wa wà lókè òkun. Ṣé a lè rí i?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ tí àwọn míṣọ́nnárì CMS (Church Missionary Society, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà), títí kan àwọn ọmọ Yorùbá bí Samuel Àjàyí Crowther, kọ ránṣẹ́ sí London wà ní Yunifásítì Birmingham báyìí. Ní Bahia ní Brazil, ìwé ẹjọ́ àwọn tí wọ́n mú lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ Malê, èyí tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí ṣe ní 1835, ṣì wà nílé àkójọ ìwé ìpínlẹ̀ náà. Àwọn tí a ń pè ní Nagô níbẹ̀, èèyàn wa ni wọ́n. Ní Freetown, ìwé tí wọ́n fi kọ orúkọ àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú wà, orúkọ Yorùbá sì pọ̀ nínú rẹ̀. Akọ̀wé òyìnbó kọ wọ́n bó ṣe gbọ́ wọn, nítorí náà ẹ pè wọ́n sókè kí ẹ tó sọ pé kì í ṣe ti wa.

Báwo la ṣe máa jẹ́ kí ará ìlú nífẹ̀ẹ́ sí i?

Ẹ fi nǹkan hàn wọ́n. Àlàyé nípa pàtàkì ìtàn kì í mú ẹnikẹ́ni dìde lórí àga. Ní ọjọ́ ìlú tàbí ìkórè ìjọ, ẹ tẹ ẹ̀dà fọ́tò àtijọ́ tóbi, kí ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ pákó, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ so pẹ́ńsùlù mọ́ ọn. Ẹ má kọ orúkọ kankan síbẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ á dúró, á ní "ìyá Ìjẹ̀bú kọ́ nìyí?" Ẹlòmíì á jà á níyàn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, orúkọ á ti kún abẹ́ fọ́tò, àwọn mélòó kan á sì ti sọ pé àwọn ní irú ẹ̀ nílé. Kí akọ̀wé wà níbẹ̀ láti gba nọ́ńbà fóònù wọn.

Ọjọ́ 9 oṣù kẹfà ni ọjọ́ àwọn ilé àkójọ ìwé káàkiri àgbáyé. Ẹ lè fi pe àwọn ọmọ ilé ìwé wá, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wá orúkọ ìdílé rẹ̀ nínú ẹ̀dà ìwé ìrìbọmi. Ilé iṣẹ́ rédíò tó wà nítòsí á fẹ́ gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì oríkì yín. Ẹ sì ka ìpínrọ̀ kan nínú ìwé ìpàdé àtijọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé tuntun. Ohun tí àwọn bàbá wa jà sí ní 1952 sábà máa ń jẹ́ ohun tí àwa náà ń jà sí.

Ta ni ká fi ṣọ́ ọ?

Kì í ṣe ẹnì kan. Ọ̀nà tí ìwé ẹgbẹ́ ìlú fi ń sọnù jù ni pé akọ̀wé á kúrò nípò, ìwé á wà nílé rẹ̀, òun á kó lọ sí Èkó tàbí kó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì kó o fún ẹni tó ń ta ẹ̀pà. Ẹ kọ ọ́ sínú òfin ẹgbẹ́ pé ìwé kì í sùn sílé òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ kankan. Kí àpótí náà ní kọ́kọ́rọ́ méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ akọ̀wé, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́. Ní ọjọ́ tí ẹ bá dìbò, kí akọ̀wé tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ jókòó níwájú gbogbo ilé, kí wọ́n ka àkójọ náà láti òkè délẹ̀, kí wọ́n máa fọwọ́ kan ìwé kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń pè é, kí àwọn méjèèjì sì buwọ́ lù ú kí wọ́n tó búra fún ẹni tuntun.